Owó Ọdún Ọmọdé: Ta Ni Ó Ni Ín?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba Aláàánú tí ó fi ọdún méjì ta àwa Mùsùlùmí lọ́rẹ, Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ owó péréte tí a máa ń fi sí ọmọdé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọdún ni. Bí a bá ti kírun yídì tán, tí a jẹ, tí a mu, tí ọdún sì ti ré kọjá, àgbà tó fúnni lówó kò ní rántí mọ́. Òbí tó gbà á pamọ́ pàápàá lè gbàgbé. Ọmọ tó ni ín nìkan ni kì í gbàgbé. Ìdí rèé tí a fi ní kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Nígbà tí àgbà bá fún ọmọdé lówó ọdún, ta ni ó ni owó náà? Ọ̀nà wo ni ó sì yẹ kí a gbà ná an?

BÍ A TI Ń ṢE É NÍLẸ̀ Ẹ̀GBÁ

Kò sí ẹni tí kò mọ bí ó ti ń rí. Bí àwọn ènìyàn bá ti ń bọ̀ láti yídì, tí wọ́n fi ẹní ìkírun há abíyá, àwọn ọmọdé á ti dúró de wọn nínú aṣọ tuntun. Wọ́n á kọ́kọ́ kí bàbá àti ìyá wọn, wọ́n á kí bàbá àgbà àti ìyá àgbà, kí wọ́n tó bọ́ sí agboolé àti àdúgbò. Láti Kóbìtì tí mọ́ṣáláṣí gbogboogbò Ẹ̀gbá wà, títí dé Ìtòkú, Aké, Lafẹ́nwá àti Kútọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Owódé, Ìfọ̀, Ìtórí àti Ọ̀dẹ̀dá, ọ̀wọ̀ọ́wọ́ ni à ń rí wọn. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọdún o! Ẹ kú ìyèdún! Ọdún á yabo!"

"Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Àṣèyí ṣàmọ́dún. Ẹ óò dàgbà, ẹ óò sì rí ohun tí ẹ óò fi tọ́jú àwa náà."

Àdúrà ni yóò kọ́kọ́ jáde, owó ni yóò tẹ̀ lé e. Kì í sì í ṣe ọmọ Mùsùlùmí nìkan ni. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ń gbé inú ilé kan náà nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọmọ onígbàgbọ́ tó bá wá kí wa lọ́jọ́ Iléyá kì í padà lọ́wọ́ òfo. Bí Kérésìmesì bá sì dé, ọmọ tiwa náà á lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Àwọn àgbà tó wà láàrin wa rántí ayé tọ́rọ́ àti sísì. Ṣílè kan ṣoṣo nígbà náà, ọ̀rọ̀ ńlá ni fún ọmọdé. Nígbà tí náírà dé ní oṣù January 1973, tí pọ́n-ùn sì kógbá wọlé, kọ́bọ̀ márùn-ún àti kọ́bọ̀ mẹ́wàá onírin ni ó ń dún woroworo lápò ọmọ lọ́jọ́ ọdún. Lónìí, bébà ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá na náírà mẹ́wàá sí ọmọ báyìí, ọmọ náà á dúpẹ́, ṣùgbọ́n á tún wo ẹ̀yìn owó náà bóyá òmíràn lẹ̀ mọ́ ọn.

Àṣà yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn Haúsá ń pe tiwọn ní "goron Sallah", èyí tó túmọ̀ sí obì ọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, àwọn ọmọdé a máa múra rẹ́ginrẹ́gin láti lọ gba "ndewenal" lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò. Àwọn Lárúbáwá ní tiwọn, àwọn ará Malaysia sì ń fi owó náà sínú àpò ìwé aláwọ̀ ewé kí wọ́n tó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Gbogbo ibi tí ọdún bá ti dé ni ọmọdé ti ń retí ọwọ́ àgbà.

A gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ó yé wa: owó ọdún kì í ṣe ọ̀ràn-an-yàn nínú ẹ̀sìn. Ohun tí ó jẹ́ ọ̀ràn-an-yàn lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ ni sàká ìtúnu, èyí tí í ṣe ìwọ̀n sáà kan oúnjẹ, ìkúnwọ́ méjèèjì lọ́nà mẹ́rin, lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó ọdún, àṣà ni, ṣùgbọ́n àṣà tó dára ni. Abẹ́ ẹ̀bùn ni ó bọ́ sí, Ànọ́bì sì ti gbà wá níyànjú pé kí á máa fún ara wa ní ẹ̀bùn kí ìfẹ́ lè wà láàrin wa. Bí ó bá wá jẹ́ ẹ̀bùn, ẹ̀bùn ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí a fún tó sì ti gbà á, òun ni ó ni ín.

"MÚ UN WÁ, KÍ N BÁ Ẹ TỌ́JÚ Ẹ̀"

Ibí yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ gbólóhùn yẹn rí. Ọmọ á wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọdún, àpò rẹ̀ á wú, ìyá tàbí bàbá á ní kí ó mú owó náà wá kí àwọn bá a tọ́jú rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ọmọdé lè sọ owó nù, ẹ̀gbọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó burú ni ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí ọmọ béèrè owó rẹ̀, èsì tí yóò gbọ́ ni pé: "Ta ló ń bọ́ ẹ? Ta ló ra aṣọ tó wà lọ́rùn ẹ? Ṣé ìwọ náà ti lówó lọ́wọ́ mi ni?"

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa bóyá ọmọdé lè ní ohun ìní. Nínú ọ̀rọ̀ ogún, ìpín ọmọ ọwọ́ kò kéré sí ti arákùnrin rẹ̀ tó ti dàgbà. Ọmọ tó ṣì wà nínú oyún pàápàá, a óò ya ìpín rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó fi wáyé. Nínú ìlànà Máálíkì tí àwọn àfáà wa ń kọ́ wa, sàká ń bẹ lórí dúkìá ọmọdé bí ó bá pé iye tí à ń yọ sàká lé lórí, alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò sì yọ ọ́. A kì í gba sàká lórí ohun tí ènìyàn kò ní. Nítorí náà, ọmọdé lè ní ohun ìní, ohun ìní rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀ bí ti àgbà ṣe jẹ́ ti àgbà.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere jù lọ wà nínú Súrátù An-Nisá, ẹsẹ karùn-ún àti ẹkẹfà. Ọlọ́run ní kí á má ṣe kó dúkìá lé ẹni tí òye rẹ̀ kò tíì gbó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí á máa fi bọ́ wọn, kí á fi wọ̀ wọ́n láṣọ, kí á sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ tó dára. Ó tún ní kí á máa dán àwọn ọmọ òrukàn wò títí wọn yóò fi tó ìgbéyàwó. Bí a bá ti rí i pé wọ́n ti gbọ́n, kí á kó ohun ìní wọn fún wọn, kí á sì pe ẹlẹ́rìí sí i. Ó kìlọ̀ pé kí alágbàtọ́ má ṣe yára jẹ ẹ́ kí ọmọ tó dàgbà. Ní ẹsẹ kẹwàá, Ó fi yé wa pé ẹni tó bá ń jẹ ohun ìní ọmọ òrukàn lọ́nà àbòsí, iná ni ó ń jẹ sínú ara rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn nìyẹn, kì í ṣe ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà láyé. Yóò sì mú hádíìsì kan wá, èyí tí Ibn Majah gbà wá láti ọ̀dọ̀ Jabir. Ọkùnrin kan fẹjọ́ sun Ànọ́bì pé bàbá òun fẹ́ kó ohun ìní òun lọ, Ànọ́bì sì dá a lóhùn pé òun àti ohun ìní rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ ni. Hádíìsì yìí gbajúmọ̀, a kò sì sá fún un. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ìgbọràn àti ìtọ́jú òbí ni, pé bí bàbá bá wà nínú àìní, ọmọ kò gbọdọ̀ fi owó dù ú. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ kò ní nǹkan kan láyé. Ẹ̀rí wọn lágbára. Bí ọmọ bá kú, tí òun náà sì fi ọmọ sílẹ̀, Al-Kùránì fún bàbá rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́fà ogún rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun ìní ọmọ, ti bàbá ni, kí ni à ń pín ìdá kan nínú mẹ́fà fún un sí? Ẹni tó ni gbogbo rẹ̀ kì í gba ìpín níbẹ̀.

ÌYÁ TÍ KÒ NÍ GÀÁRÌ NÍLÉ Ń KỌ́?

Ìbéèrè yìí tọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti ná gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí ọdún. Bí ọjọ́ kẹta ọdún bá pé, owó ọdún àwọn ọmọ lè jẹ́ owó kan ṣoṣo tó kù nínú ilé. Ṣé kí ebi pa wọ́n, kí owó sì wà nínú kóló?

Rárá o. Ẹsẹ kẹfà tí a mẹ́nu bà yẹn kan náà ti dáhùn. Ó ní alágbàtọ́ tó bá rí jájẹ, kí ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ aláìní, kí ó jẹ níwọ̀n tó tọ́. Bí a bá fi ààyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún alágbàtọ́ ọmọ òrukàn, a jẹ́ pé òbí tó bí ọmọ kò ní ṣàì ní in. Èèwọ̀ kò sí nínú kí ìyá mú nínú owó ọmọ ra gàárì tí ọmọ náà yóò jẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin kí á mú un àti kí á jí i mú. Kí ni ó ń ná ìyá láti pe ọmọ rẹ̀ kí ó sọ fún un pé: "Àbẹ̀kẹ́ mi, kò sí owó nílé. Mo fẹ́ yá nínú owó ọdún ẹ, kí á fi ra oúnjẹ. Bí mo bá ti rí owó ọjà, n ó dá a padà"? Ọmọ tí a bá sọ èyí fún, inú rẹ̀ kì í bàjẹ́. Yóò máa yan káàkiri ilé pé òun ni òun bọ́ wọn ní ọjọ́ yẹn. Owó kan náà ni, oúnjẹ kan náà ni. Èyí tí a sọ fún ti di olùrànlọ́wọ́ ilé, èyí tí a kò sọ fún ti di ẹni tí a jà lólè. Bí òbí kò bá tilẹ̀ rí owó náà san padà, ó lè sọ fún ọmọ pé òun kò tíì rí i, kí ó sì tọrọ pé kí ó yọ̀ǹda rẹ̀. Bíbẹ ọmọdé kò dín àgbà kù.

Àwọn kan tún ní àwáwí mìíràn. Wọ́n ní owó tí àwọn ènìyàn fún ọmọ àwọn, àwọn náà ni àwọn yóò san án padà fún ọmọ tiwọn. Wọ́n ní àáró ni. Ọ̀rọ̀ àáró kò ṣàjèjì sí Ẹ̀gbá, nítorí ẹgbẹ́ àáró ni Líṣàbí fi kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ tí ó fi gbà wọ́n lábẹ́ ìjọba Ọ̀yọ́. Ó dára, ẹ jẹ́ kí á wo àáró fínnífínní. Bí èmi bá bá ọ kọ ebè lóko rẹ lónìí, ìwọ náà yóò bá mi kọ ebè lóko mi lọ́la. Iṣẹ́ ni a jọ ń san fún ara wa. Ṣùgbọ́n iṣu tó bá ta lóko, ti olóko ni. Kò sí alááró tó ń lọ wú iṣu lóko tí ó ti ṣe àáró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni owó ọdún. Àgbà ń bá àgbà ṣe àáró, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oko ọmọ ni a gbin ín sí.

OHUN TÍ ỌMỌ Ń KỌ́ LỌ́WỌ́ WA

Ká sọ pé ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan wọ ilé méjìlá lọ́jọ́ ọdún, tí ó sì rí igba náírà ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ó ti di 2,400 náírà. Ó mọ iye rẹ̀, nítorí ó ti kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó kó o fún ìyá rẹ̀ láìjanpata, nítorí kò sí ẹni tí ó fọkàn tán láyé tó ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó béèrè rẹ̀, ìbínú ni wọ́n fi dá a lóhùn. Kí ni ọmọ yìí kọ́? Kò kọ́ pé kí òun máa fi owó pamọ́. Ohun tí ó kọ́ ni pé ẹni tó bá lágbára lè jẹ ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, àti pé bí olóhun bá béèrè, ariwo ni a fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, yóò fi ìdajì owó rẹ̀ sábẹ́ ẹní, yóò sì pe iye tó rí ní ìdajì. Ìyá rẹ̀ á wá máa ráhùn pé ọmọ òun ti ń parọ́.

Ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni ni àwọn àfáà ń pè ní àmánà. Owó ọdún ni àmánà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fi lé ènìyàn lọ́wọ́ láyé wọn. Ọwọ́ wa ni wọ́n ti ń wo bí a ti í ṣe é. Gbogbo wa ni à ń ké pé àwọn tí a fi owó ìlú sí ìkáwọ́ wọn ń jẹ ẹ́, tí a bá sì béèrè ìṣirò, wọn á bínú. A kò sọ pé owó ọdún ni ó sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀, nítorí ojúkòkòrò àgbà kò ní orísun kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé tí a kò ti ń ṣírò owó fún ọmọ tó ni ín, níbo ni ọmọ ibẹ̀ yóò ti kọ́ pé a máa ń ṣírò owó fún ẹni tó ni ín?

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ A NÁ AN

Bí a ti sọ pé owó náà jẹ́ ti ọmọ, ẹ má ṣe rò pé à ń sọ pé kí á jẹ́ kí ó ná an bí ó ti wù ú. Ọlọ́run tí ó ní kí á má jẹ ẹ́ ni ó tún ní kí á má kó gbogbo rẹ̀ lé aláìgbọ́n lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó so méjèèjì pọ̀ ni ìdánwò. A kò lè dán ọmọ wò nínú owó tí kò kàn án lọ́wọ́ rí. Ẹni tí kò wọ odò kò lè mọ̀ ọ́n wẹ̀, ẹni tí a sì ti kékeré dá dá sínú ibú, omi ni yóò gbé e lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni, kí àgbà sì wà ní bèbè.

Kí apá kìíní jẹ́ ti ìdùnnú. Ọjọ́ ọdún ni. Hádíìsì Bukhari àti Muslim sọ bí àwọn ọmọbìnrin méjì ṣe ń kọrin nílé Aisha lọ́jọ́ ọdún. Abu Bakr fẹ́ lé wọn, ṣùgbọ́n Ànọ́bì ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, nítorí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ọdún tirẹ̀, ọdún tiwa sì nìyẹn. Ọmọ tó bá fi owó rẹ̀ ra gúgúrú àti súwíìtì, tó ya fọ́tò, tó gun Olúmọ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ṣe ohun tó burú. Ṣùgbọ́n kí á ṣọ́ báńgà tó ń jó ọmọ lọ́wọ́. Kí á sì ṣọ́ ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ju báńgà lọ. Àwọn ọmọ wa tó ti ń gòkè àgbà ń yọ́ wọ ibẹ̀. Owó tí a fi àdúrà fún wọn láàárọ̀, tẹ́tẹ́ ti gbé e mì kó tó di alẹ́. Al-Kùránì ka tẹ́tẹ́ mọ́ iṣẹ́ èṣù, òun àti ọtí nínú ẹsẹ kan náà, Súrátù Al-Má'ídà, ẹsẹ àádọ́rùn-ún.

Kí apá kejì jẹ́ ti ọwọ́ tó ń fúnni. Ibn Abbas ròyìn pé lọ́jọ́ ọdún, lẹ́yìn tí Ànọ́bì ti wàásù, ó kọjá sọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ó rọ̀ wọ́n láti ṣe sàárà. Bilal tẹ́ aṣọ rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń bọ́ yẹtí àti òrùka wọn sínú rẹ̀. Ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ṣe ọdún gan-an ni wọ́n bọ́ sílẹ̀. Bí ọmọ bá rí ẹgbẹ̀rún náírà, kí á ní kí òun fúnra rẹ̀ mú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì mọ ẹni tí yóò fún. Kí á má bá a mú un. Ọwọ́ tó ń gbà láti òwúrọ̀ yẹ kí ó mọ bí fífúnni ti ń rí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí apá kẹta jẹ́ ti ìdàgbàsókè. Àwọn ìyá wa mọ iyì kóló, kóló sì dára fún ọmọdé nítorí ó ń gbọ́ ìró owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Imamu Malik kọ ọ́ sínú ìwé Muwatta pé Umar, kí Ọlọ́run yọ́nú sí i, ní kí á máa fi owó ọmọ òrukàn ṣòwò kí sàká má baà jẹ ẹ́ tán. Aisha náà a máa kó ti àwọn ọmọ òrukàn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí yóò fi ṣòwò fún wọn. Láyé tiwa, ohun tó ń jẹ owó tó wà lójú kan ju sàká lọ. Ní ọdún 2024, ọ̀wọ́n ọjà ní Nàìjíríà ju ìdá 30 nínú 100 lọ láàrin ọdún kan. Ohun tí a ń rà ní 1,000 náírà lọ́dún tó ṣáájú ti ju 1,300 lọ. Ọmọ tó fi 1,000 náírà pamọ́ sí kóló ní gbogbo àkókò yẹn, 1,000 ni ó bá níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà ti jẹ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí á kọ́ ọmọ láti sọ owó di nǹkan. Láti Ìtúnu Ààwẹ̀ sí Iléyá kò ju oṣù méjì àti nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Òròmọdìẹ tí ọmọ bá rà lẹ́yìn ọdún kan, yóò ti gbérí kí èkejì tó dé. Ẹlòmíràn lè ra ìwé àti bírò, ẹlòmíràn lè ra ẹ̀pà tí yóò dì, kí ìyá rẹ̀ bá a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá tirẹ̀. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tí ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ kárí ayé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́ igi ìdáná tà. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò di olówó, a kò sì fẹ́ kí á sọ ọmọdé di òṣìṣẹ́. Ohun tí à ń wí ni pé ọmọ tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i bí náírà kan ṣe ń di méjì kì í tètè sọ náírà nù.

ÀWA TÍ A Ń FÚNNI Ń KỌ́?

Bí a bá ti bá òbí àti ọmọ wí, ó kù kí á bá ẹni tó ń fúnni sọ̀rọ̀. Ohun méjì péré ni.

Èkíní ni ìdọ́gba. Nígbà tí bàbá Nu'man ọmọ Bashir fẹ́ kí Ànọ́bì jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ẹ̀bùn tí ó fún un, Ànọ́bì béèrè bóyá ó fún gbogbo ọmọ rẹ̀ ní irú rẹ̀. Ó ní rárá. Ànọ́bì ní kí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ó sì ṣe déédé láàrin àwọn ọmọ rẹ̀. Nínú ilé olórogún, lọ́jọ́ ọdún, ojú ọmọ ń ka owó tó wà lọ́wọ́ ọmọ ìyá kejì. Bákan náà ni ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò látàárọ̀, tí gbogbo àlejò ń fún ọmọ onílé lówó lójú rẹ̀. Òun náà, ọmọ ni. Bí a kò bá ní tó, kí á dín iye kù kí ó lè kárí.

Èkejì ni owó tuntun. Ó dára kí owó tí a fún ọmọ máa dún lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà rí i kò dára. Bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn á lọ bá àwọn tó ń ta owó tuntun, wọn á kó owó àtijọ́ sílẹ̀, wọn á sì fi lé e kí wọ́n tó rí iye kan náà ní tuntun. Òfin ilé ìfowópamọ́ àgbà Nàìjíríà ti ọdún 2007, abala kọkànlélógún, ka títa owó náírà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì, ni ó wà níbẹ̀. Ti ẹ̀sìn tún le ju ìyẹn lọ. Ànọ́bì ní bí a bá fi wúrà pàrọ̀ wúrà, tàbí fàdákà pàrọ̀ fàdákà, kí ó dọ́gba, kí ó sì jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìsinsìnyí ka owó bébà mọ́ ọn: náírà sí náírà gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó èlé ni. Ṣé ó wá yẹ kí á gba ẹnu ọ̀nà èlé kọjá kí á tó dé ibi tí a óò ti fún ọmọ Mùsùlùmí lówó ọdún? Náírà àtijọ́ tó mọ́ sàn fún ọmọ ju tuntun tó ní àbàwọ́n lọ.

ÀKÓTÁN

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ ni ó ni owó ọdún rẹ̀. Àwa kàn ń bá a dì í mú ni. Bí a bá gbà á pamọ́, kí á kà á lójú rẹ̀, kí á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí àìní bá mú kí á fọwọ́ kàn án, kí á sọ fún un. Bí ó bá béèrè, kí á dá a lóhùn tẹ̀rín-tọ̀yàyà, kí á má bínú, nítorí ẹni tó ń béèrè ohun ìní rẹ̀ kò ṣẹ̀. Kí á sì jẹ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ kan owó náà, kí ó jẹ níbẹ̀, kí ó fúnni níbẹ̀, kí ó sì fi kọ́ bí nǹkan ti ń dàgbà.

Owó náà lè má ju ìwọ̀nba lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, a óò di arúgbó, ọwọ́ àwọn ọmọ yìí kan náà ni owó àti ẹ̀mí wa yóò wà. Ìgbà náà ni wọn yóò rántí bí a ti ṣe bá wọn tọ́jú tiwọn.

Kí Ọlọ́run fi wá ṣe olùpa àmánà mọ́, kí Ó jẹ́ kí ẹ̀mí wa àti ti àwọn ọmọ wa ṣe púpọ̀ ọdún láyé nínú àlàáfíà. Àmín.